Owó Ta Ni Yóò Tún Ẹ́ńjìnnì Ṣe?

Àgádágodo tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ náà ti dípẹtà. Adìẹ kan ti sọ abẹ́ fèrèsé rẹ̀ di ibi tí ó ń yé sí, koríko sì ti gun ẹsẹ̀ ògiri débi pé a kò lè ka gbogbo ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ síbẹ̀ mọ́. Gbólóhùn tí ó ṣẹ́kù tí ojú ṣì lè rí ni pé àwọn ọmọ ìlú ni ó kọ́ ọ. Abúlé kan ní ọ̀nà Afọ̀n ni mo wà, kò jìnnà púpọ̀ sí Ìlọrin, níbi tí ó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ ilẹ̀, tí gàrí sì jẹ́ owó oúnjẹ, owó ilé ìwé àti owó aṣọ ọdún.

Àlájà tí ó ń ṣe akápò fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé náà ni ó mú mi lọ síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ ṣì wà ní etí ìró rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọdún méjì tí kò ti í lò ó.

“Ẹ́ńjìnnì náà kò kú,” ni ó wí fún mi. “Bẹ́líìtì ni ó kọ́kọ́ já. A dá owó, a rà á. Lẹ́yìn náà ni nǹkan inú rẹ̀ fọ́. Mẹkáníìkì ní kí a mú owó wá, a bá lọ wo inú àpótí.”

“Kí ni ẹ bá níbẹ̀, Àlájà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “A bá àpótí nínú àpótí, ọmọ mi.”

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀rọ yìí, àwọn ọmọ abúlé tí ó wà ní Èkó àti ní Ìlọrin wá pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Wọ́n pa màlúù. Wọ́n ya fọ́tò. Ẹ̀rọ tí ó ń rin ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí ó ń fún omi inú rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àwo ńlá tí a fi ń yan gàrí sì wà ní ìtò. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìwé kékeré kan tí yóò sọ ẹni tí yóò san owó nígbà tí ẹ̀rọ bá gbó. Lónìí, ọ̀kadà ni àwọn obìnrin abúlé náà fi ń gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí abúlé kejì, níbi tí ọkùnrin kan ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó ń gba owó lọ́wọ́ wọn ju bí ilé ẹ̀rọ tiwọn ti ń gbà lọ, owó ọ̀kadà sì tún wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti dá owó rí fún irú nǹkan báyìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pe ìpàdé, wọ́n ní kí ilé má bàa tú, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa sá lọ tán, kí a dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀. Ọkàn wa gbóná, a sì mú owó jáde. Ìfẹ́ ilé kò wọ́n láàárín wa. Ìṣirò ni ó wọ́n, mo sì fẹ́ kí a jókòó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni ni mò ń kà o. Ká ní gbogbo ẹ̀rọ inú ilé gàrí kan jẹ́ ₦1,200,000, tí a sì mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún yóò ti gbó. Ọdún márùn-ún jẹ́ oṣù 60. Bí a bá fẹ́ ra òmíràn ní ìparí ọdún karùn-ún, a gbọ́dọ̀ máa fi ₦20,000 pamọ́ lóṣooṣù. Ká ní àpò ẹ̀gẹ́ 200 ni ó ń gba ẹnu ẹ̀rọ náà kọjá lóṣù, a jẹ́ pé ₦100 lórí àpò kọ̀ọ̀kan kì í ṣe tiwa rárá. Ti ẹ̀rọ tí ń bọ̀ ni. Mo ń pe owó yẹn ní owó àrọ́pò.

Nísinsìnyí, ká ní ₦300 ni ẹgbẹ́ ń gbà lórí àpò kan, nítorí wọ́n ní ‘tiwa-n-tiwa ni’. Epo mú ₦150 nínú rẹ̀, ọmọkùnrin tí ó ń wa ẹ̀rọ gba ₦80, òróró ẹ́ńjìnnì àti bẹ́líìtì jẹ ₦40. Ó ku ₦30. Akápò á kọ ọ́ sínú ìwé pé èrè ni. Ní ìparí oṣù, èrè yìí jẹ́ ₦6,000, inú gbogbo ènìyàn á sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń béèrè ₦20,000. Gbèsè ₦14,000 ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ lóṣooṣù láìsí ẹni tí ó rí i, nítorí pé irin kì í wá sí ilé ẹni ní òwúrọ̀ láti sin owó. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi gbogbo ₦6,000 oṣooṣù náà pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ₦360,000 ni yóò wà nínú àpótí. ₦840,000 kò sí níbẹ̀. Kò sí olè tí ó jí i. Àwọn tí ó rin ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀dínwó ni ó ti jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba ₦70 lórí àpò kan.

Èyí ni mo fi ń sọ pé ẹ̀dínwó yẹn kì í ṣe àánú. Ọkùnrin abúlé kejì kò yáwọ́ bí àwọn ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Lọ́dún 1844, àwọn ènìyàn 28 ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ bí àwọn aláṣọ òkè tiwa ní Ìlọrin, da owó jọ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan. Wọn kò ta ọjà wọn ní ẹ̀dínwó. Iye tí ó ń lọ lójà ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣírò èrè tán ni wọ́n tó ń dá díẹ̀ padà fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí ó rà ti pọ̀ tó. Àǹfààní jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìṣirò ni ó ń dé. Láti ibẹ̀ ni ètò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ òde òní ti tàn ká ayé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti Nàìjíríà pàápàá béèrè pé kí ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdún máa wọ àpò ìpamọ́ kí a tó pín ohunkóhun.

Àwa náà sì ní ọ̀rọ̀ tiwa fún un. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ tú orúkọ yẹn wò: kí a jẹ, kí ó ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó sọ ẹgbẹ́ ní orúkọ yìí mọ̀ pé jíjẹ náà yóò wà, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ. Èyí tí yóò ṣẹ́ kù ni ó fi sínú orúkọ kí a má bàa gbàgbé rẹ̀. Mo máa ń rò pé bí a bá fi orúkọ yẹn ṣe òfin, àwọn ilé ẹ̀rọ tí ó ti ilẹ̀kùn ì bá dín kù.

Àjọ náà kọ́ wa ní ohun kan tí àwọn ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kì í fẹ́ gbọ́. Alájọ tí ó ń yí ọjà ká láràárọ̀ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba tí yóò bá a jà nítorí rẹ̀, gbogbo wọn mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó ń rìn gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀rọ ìlú, a fẹ́ kí akápò máa ṣọ́ owó lọ́fẹ̀ẹ́, kí akọ̀wé máa kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, kí alága máa sáré lọ Ìlọrin pẹ̀lú owó ọkọ̀ ara rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á ṣe é. Ọdún kejì, akọ̀wé á gba iṣẹ́ sí ibòmíràn, alága á máa ráhùn, akápò nìkan ni yóò kù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní etí ìró.

Bí a bá ń wá ìlú Yorùbá kan tí ó fi àpò kan ṣoṣo ṣe nǹkan ńlá, Ayétòrò ni, ní etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lọ́dún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Aládúrà kan tẹ ìlú náà dó sórí irà. Ohun gbogbo ni wọ́n fi ṣe àjọní. Ẹja tí wọ́n pa, aṣọ tí wọ́n hun, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn, bàtà tí wọ́n rán, àpò kan náà ni owó rẹ̀ ń wọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń gba owó oṣù, àpò náà ni ó ń bọ́ wọn, tí ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tí ó sì ń kọ́ ilé fún wọn. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹ́ kù pọ̀, ó sì ń padà sínú iṣẹ́: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ̀rọ ìhunṣọ, iná mànàmáná tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó jù wọ́n lọ ṣì ń tan àtùpà.

Ní ọdún 1968 ni ìlú náà gbà kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tirẹ̀. Onímọ̀ ará Kánádà kan, Stanley Barrett, kọ ìwé lórí ìlú yìí lọ́dún 1977, ó sì tọ́ka sí i pé ètò àjọní gan-an ni ó gbé ọrọ̀ ìlú náà dìde ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yìí. Ìgbàgbọ́ ni ó so àpò Ayétòrò pọ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí ó lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Èkó pé kí ó má gba owó oṣù mọ́. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: Ayétòrò kò dúró de olóore. Inú iṣẹ́ wọn ni owó ẹ̀rọ kejì ti jáde. Lónìí òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú náà, ìyẹn sì kọjá ohun tí àpótí ìlú kankan lè dá gbà.

Ẹ jẹ́ kí a ré kọjá sí Àjàṣẹ́, tí ayé mọ̀ sí Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Níbẹ̀ ni àlùfáà Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, ti dá oko Songhai sílẹ̀ lọ́dún 1985, lórí ilẹ̀ tí kò ju hẹ́kítà kan lọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn ọ̀dọ́ tí ilé ìwé ti já sílẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, ìdin tí ó hù nínú pàǹtírí di oúnjẹ ẹja, omi ẹja bomi rin ẹ̀fọ́. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọgbọ́n yìí. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé Songhai máa ń tà. Ó ń ta ohun mímu èso, ó ń ta ìrẹsì, ó ń ta ẹyin, ó ní ilé oúnjẹ, ó ń gba àlejò sùn, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó wá kọ́ṣẹ́. Ó gba ìrànwọ́ láti òkèèrè pẹ̀lú, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé pọ̀.

Ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Rivers gbé irú oko yìí kalẹ̀ ní Bunu, ní agbègbè Tai. Ilẹ̀ ibẹ̀ tóbi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ Àjàṣẹ́ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń gbé owó kalẹ̀ fún un. Nígbà tí ìjọba yí padà lọ́dún 2015, owó dúró, igbó gba oko, àwọn jàǹdùkú sì kó ohun tí wọ́n lè tú. Ọgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ kan náà ni, àpò ni ó yàtọ̀.

Nílé wa ní Kwara, ẹ óò rántí Shonga ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu. Lẹ́yìn àdéhùn ọdún 2004, àwọn àgbẹ̀ 13 wá láti Zimbabwe, ìjọba sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí hẹ́kítà 1,000. Ìjọba gbé owó kalẹ̀, àwọn báńkì bá a dá sí i, ọ̀nà àti iná dé ibi tí wọn kò dé rí. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ará ìlú, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn báńkì tí kì í wojú àgbẹ̀ rí owó yá a nígbà tí ìjọba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni ó dúró lẹ́yìn Àlájà?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìmọ̀ ni ó wọ́n. Ìdọ̀fìàn kò jìnnà sí Ìlọrin. Níbẹ̀ ni ARMTI wà láti ọdún 1980, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ láti kọ́ni ní àbójútó iṣẹ́ ìgbèríko. Níbẹ̀ náà ni NCAM wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ẹ̀rọ àgbẹ̀ tí ó bá ilẹ̀ wa mu. Ètò Fadama Kẹta pẹ̀lú, tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, ti ro ọ̀rọ̀ owó àrọ́pò yìí. Ó ní kí àwọn ẹgbẹ́ tí ó bá gba ohun èlò máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí yóò ná wọn láti ra òmíràn pamọ́ lọ́dọọdún. Èrò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá túmọ̀ sí ọdún mẹ́wàá, mo sì fẹ́ kí a fi ẹ́ńjìnnì kan hàn mí ní abúlé tí ó pé ọdún mẹ́wàá láìkú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù kù sílẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ ṣe gbogbo ohun tí mo sọ, tí ₦1,200,000 sì pé nínú àpótí. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yóò ṣì jẹ́ ₦1,200,000? Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a gbọ́ pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦500. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà gẹ́gẹ́ bí àjọ ìṣirò ìjọba ti kéde rẹ̀ jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tí ó bá jókòó sínú àpótí nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ ń rù lójoojúmọ́. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ra aṣọ òkè, wúrà àti ewúrẹ́ dípò kí wọ́n máa ka bébà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí èmi máa ń mú wá ni pé kí owó àrọ́pò má dúró gẹ́gẹ́ bí owó. Kí a ra bẹ́líìtì kejì àti àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ó máa ń tètè gbó sílẹ̀ nígbà tí a rí owó. Bí gàrí bá pọ̀ lójà tí ó dọ̀pọ̀, kí ẹgbẹ́ ra díẹ̀ pamọ́ sí ibi gbígbẹ, kí wọ́n tà á nígbà tí ó bá wọ́n. Ewu wà nínú èyí náà, nítorí gàrí lè bu, òjò lè rọ̀ wọ inú àká. Kí a sì máa tún owó iṣẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, bí aládàáni ti ń ṣe, kí a má dúró de ìpàdé ọdún.

Ṣé gbogbo iṣẹ́ ni ó tilẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ àjọní? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele, láàárín Ìlọrin. Ọwọ́ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, àwọn obìnrin sì ń jókòó ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kọ̀ọ̀kan ni ó ni ìkòkò rẹ̀ àti owó tí ó bá pa. Ibi tí àjọṣe ti wúlò ni wọ́n ti ń ṣe é. Lójú tèmi, ilé gàrí náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀: kí ẹ̀rọ jẹ́ ti gbogbo wa, kí gàrí jẹ́ ti oníkálukú.

Ohun tí mo sọ fún Àlájà nìyẹn ní ọjọ́ tí a lọ wo ilé ẹ̀rọ. Mo ṣírò rẹ̀ fún un sínú ìwé ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ní kí n tún ti ₦70 yẹn kà fún òun.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá ni ó pè mí lórí fóònù. Ẹgbẹ́ ti ṣèpàdé. Àwọn obìnrin mẹ́tàlá ti dá owó, mẹkáníìkì sì ti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó ní yóò ṣiṣẹ́. Wọn yóò máa gba iye tí ọkùnrin abúlé kejì ń gbà, wọ́n á sì máa san nǹkan fún akọ̀wé. Àpótí di méjì, ẹni méjì ni yóò sì máa ní kọ́kọ́rọ́ èkejì lọ́wọ́. Àwọn kan ti bínú jáde nítorí owó tuntun yìí, ìyàwó àbúrò rẹ̀ sì wà lára wọn.

Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó ti gbọ́, pé wọ́n fẹ́ wá tún ògiri náà kùn, kí wọ́n tún orúkọ kọ síbẹ̀ kí ó hàn dáadáa.

“Ọ̀dà?” ni ó wí. “Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi owó ọ̀dà yẹn ra bẹ́líìtì kejì sílẹ̀ fún wa.”